Wáìnì Funfun àti Oúnjẹ Tí Kò Láta

Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Bí Màdáámù bá ti fa kọ́ọ̀kì yọ lẹ́nu igò, ohun tó máa ń kan imú mi ni èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èékánná họ, lẹ́yìn náà ni òórùn òkúta tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sí. Wáìnì funfun ni, láti ilẹ̀ Faransé, níbi tí odò ńlá wọn kan ti ń ṣàn wọ inú òkun. Mo lè sọ fún yín títí di òní irú ẹja tó bá a lọ, irú wàrà tó bá a lọ, àti oúnjẹ tó máa bà á jẹ́ lẹ́nu ẹni tó ń mu ún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kán rẹ̀ kan ò kan ahọ́n mi rí. Mùsùlùmí ni mí, ọmọ onígààrí ará Lálúpọn. Aṣọ ìnuwọ́ ni mo fi ń di igò náà mú nígbà náà, èrò mi sì ni pé aṣọ pélébé yẹn tó láti dúró láàárín èmi àti ẹ̀ṣẹ̀. Kí Ọlọ́run máa foríjì wá.

Ilé oúnjẹ kan ni mo ń sọ, lẹ́yìn Alákíà, lójú ọ̀nà oko tó gba apá Ẹgbẹ́dá lọ, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti máa ń fò kọjá lórí òrùlé débi pé àwọn gíláàsì á máa gbọ̀n lórí tábìlì. Ọjọ́ Àìkú nìkan la ń ṣí, ní ọ̀sán. Àwọn ará yunifásítì, àwọn tó ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ló ń wá, nítorí kò sí ibòmíràn lágbègbè yẹn tí èèyàn ti lè rí wáìnì tó tutù dáadáa pẹ̀lú oúnjẹ tó bá a mu. Màdáámù ló ni ibẹ̀. Àwọn nìkan ni wọ́n dá wá sí abúlé náà pẹ̀lú àpótí kan, wọ́n gba ilé lọ́wọ́ baálẹ̀, wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ìlú wọn. Fóònù wà lọ́wọ́ wọn bó ṣe wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kó dún rí, àfi bí ọkùnrin tó ń kó wáìnì wá láti Kútọnù bá ti dé ẹnu ọ̀nà.

Gààrí ni mo gbé lọ tà fún wọn tí mo fi di ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni, mo rò pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé mo lè dáná, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi mí pé ṣé mo lè pa ẹnu mọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni sí ìyẹn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo agboolé wa ló lè jẹ́rìí pé irọ́ ni mo ń pa. Wọ́n wá mú mi jókòó lórí àpótí ìdáná.

“Ọmọ Lálúpọn, gbọ́ mi dáadáa,” wọ́n ní. “Èmi ò ní í jáde síwájú oníbàárà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ rí ẹni tó se oúnjẹ, ìwọ ni kó o jáde lọ bá a. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ibi tí mo ti wá, o ò mọ̀. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ mí tẹ́lẹ̀ bá fojú kàn mí níbí, ọjọ́ náà ni mo máa lọ, mi ò sì ní í lè padà.”

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òòrùn máa mú lọ́la. Mo ní mo gbọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kò sì pẹ́ tí mo fi fẹ́ràn àwọn fúnra wọn, nítorí wọn kì í jágbe mọ́ mi, wọ́n sì máa ń fi ẹja tó tóbi jù sílẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú pé kí ẹnì kan má lọ wọlé lójijì kó sì gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Mo kọ́ iṣẹ́ náà. Màdáámù ní wáìnì yẹn kan díẹ̀, ó sì dà bíi pé iyọ̀ òkun wà nínú rẹ̀, nítorí náà oúnjẹ tó ní ọ̀rá ṣùgbọ́n tí kì í pariwo lẹ́nu ló fẹ́. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá láti apá Ìrókò ló kọ́kọ́ máa ń jáde: a ó gé e pẹlẹbẹ, a ó fi bọ́tà yan án títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi pọ́n, a ó sì họ èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí. Ìgbín tẹ̀ lé e, a ó fi áyù sè é. Lásìkò òjò, a máa ń ní olú. Àkàrà kéékèèké náà wà, alubọ́sà àti iyọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn èèyàn torí rẹ̀ ń wakọ̀ wá láti ìgboro ni ẹja ẹpìyà. Ẹpìyà tuntun láti inú adágún ni, Màdáámù á kó wàrà sí i nínú, wọ́n á da wáìnì yẹn kan náà lé e lórí, wọ́n á wá fi ewé eéran pọ́n ọn bí ẹní pọ́n mọ́ínmọ́ín, wọ́n á sì gbé e kaná. Bí a bá tú ewé náà níwájú oníbàárà, gbogbo èèyàn tó wà nítòsí á yíjú síbẹ̀.

Ata ò sí nínú ìkankan. Màdáámù ní ẹnu tó ti jẹ ata kò lè mọ adùn wáìnì yẹn mọ́, bí omi kíkan lásán ló máa rí. Ìyẹn ló dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀ láàárín èmi àti màmá mi àgbà. Nílé wa, aláìsàn nìkan là ń se oúnjẹ tí kò láta fún. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún wọn ní Lálúpọn, wọ́n fi igbá tí wọ́n fi ń da gààrí nínú agbada sílẹ̀, wọ́n sì wò mí títí.

“Obìnrin tí kò nílùú, tí kì í jẹ ata, tí kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun,” wọ́n ní. “Ṣé ọwọ́ rẹ̀ tutù?”

Ọwọ́ Màdáámù tutù lóòótọ́. Omi dídì tí a fi ń tọ́jú igò ló fà á, mo sì sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ara ti ń rí mi bákan. Màmá àgbà wá sọ ohun tí gbogbo wa ti gbọ́ láti kékeré, pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé lè kú níbì kan, kó sì lọ máa gbé ní ìlú mìíràn tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Á ṣòwò níbẹ̀, á kọ́lé, á tilẹ̀ bímọ. Àkúdàáyà ni à ń pè é. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà ayé rẹ̀ bá rí i lójú, tó sì dá a mọ̀, ọjọ́ yẹn ló máa pòórá. Wọ́n ní kí n má padà lọ. Mo ní ìgbàgbọ́ ayé àtijọ́ nìyẹn, mo sì wọ ọkọ̀ padà sí Alákíà pẹ̀lú ata gígún tí mo dì sínú ọ̀rá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ata ọ̀hún ṣe, kí ẹ lè mọ irú ọlọ́gbọ́n tí mo jẹ́. Mo dà á sínú ẹ̀wà tí Màdáámù fẹ́ jẹ, èrò mi sì ni pé bí wọ́n bá jẹ́ òkú, wọ́n á pòórá níwájú mi. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí n lè tètè rí ibi sá gbà. Wọ́n jẹ ẹ̀wà náà. Òógùn yọ lójú wọn, wọ́n mu omi, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní, “Ata yìí dáa, ọmọ Lálúpọn. Má jẹ́ kó sún mọ́ tàwọn oníbàárà.” Wọn ò bi mí ní ohunkóhun lórí rẹ̀ títí ayé. Ọkàn mi balẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí pé bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ilé, wọ́n máa ń yí ojú wọn sí ògiri títí ó fi máa kọjá, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ rí òun.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan wá. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni, ó jù mí lọ díẹ̀, oyún rẹ̀ sì ti ń hàn. Ọkọ rẹ̀ ló ń mu wáìnì, òun ń mu omi. Mo gbé wàrà fún wọn, ó jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Mo gbé ẹja wá nínú ewé, mo nawọ́ láti tú u, ó sì dì mí lọ́wọ́ mú.

“Ẹ dákun, ta ló pọ́n ẹja yìí?”

“Èmi ni, mà.”

Ó fi ìka tọ́ka síbi tí ewé ti ṣẹ́. Màdáámù kì í fi okùn dì í. Wọ́n máa ń ṣẹ́ ìdí ewé sínú lápá òsì, wọ́n á sì fi igi ewé náà gún un pọ̀. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ títí, mi ò lè ṣe é kó má tú. Ọmọbìnrin náà wo ọwọ́ mi, ó wo ewé náà, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìyá mi nìkan ló ń pọ́n ọn báyìí,” ó sọ fún ọkọ rẹ̀. “Àwọn òyìnbó ni wọ́n ń se oúnjẹ fún ní Abíjàn. Nígbà wàhálà ogun ibẹ̀ ni ìyá mi kú. Kí á tó débẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ ní àwọn ti sin wọ́n.”

Ọkọ rẹ̀ dìde, ó ní òun fẹ́ rí ẹni tó wà nínú ilé ìdáná. Mo dúró sójú ọ̀nà rẹ̀, mo tún sọ ọ́ pé èmi ni mo se é. Ọmọbìnrin náà ló fa aṣọ ọkọ rẹ̀.

“Jókòó,” ó ní. “Má wọ ibẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lọ ni?”

Ó wá dìde, ó gbé àga tirẹ̀, ó sì yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè kọ sí ilé ìdáná. Ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹja náà.

Mo sáré wọlé. Màdáámù dúró ti ògiri tó pààlà láàárín ilé ìdáná àti ibi tí àwọn èèyàn ti ń jẹun. Búlọ́ọ̀kù oníhò ló wà lókè ògiri náà fún èéfín, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ níwájú là ń gbọ́. Ilẹ̀kùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò sì wò ó. Ìwájú orí wọn kan ògiri. Mo rò pé wọ́n máa bi mí bí ọmọ náà ṣe rí.

“Ṣé ó ń jẹun?” wọ́n ní.

Mo ní ó ń jẹun. Wọ́n ní kí n gbé àwo kejì fún un, nítorí ẹni méjì ló ń bọ́.

Bí mo ṣe gbé àwo kejì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe ọkọ rẹ̀. Ó ń wo fèrèsé tó wà níwájú rẹ̀, ó gbé ohùn sókè díẹ̀, ó ní: “Bàbá ti fẹ́ ìyàwó mìíràn. Obìnrin náà dáa sí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti kúrò nílé, Òṣogbo ló ń gbé báyìí. Èmi ti rí iṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ẹ má da ara yín láàmú lórí wa.” Àwọn oníbàárà yòókù rò pé orí fóònù ló wà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé òkú àbí alààyè kan ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bá Màdáámù níbi tí mo fi wọ́n sí. Wọn ò sunkún. Wọ́n ní kí n fọ àwo ọmọbìnrin náà, lẹ́yìn náà wọ́n ní rárá, àwọn máa fọ̀ ọ́ fúnra wọn.

Láti ọjọ́ náà, ó ń wá. Àga kan náà ni, ẹ̀yìn rẹ̀ á kọ sí wa, á jẹun, á sì ròyìn ọ̀sẹ̀ rẹ̀ fún fèrèsé. Màdáámù á dúró ti ògiri. Wọn ò pe ara wọn lórúkọ rí. Mo ti rò ó títí, mo sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí Màdáámù jẹ́ obìnrin lásán tó sá fún ohun kan ní Abíjàn, tó sì jẹ́ kí wọ́n sunkún òun. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ilẹ̀kùn pákó tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ló dúró láàárín ìyá àti ọmọ, àwọn méjèèjì ò sì jẹ́ ṣí i. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rò ó báyìí. Bó bá sì jẹ́ pé ohun tí màmá mi àgbà sọ ló rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àwọn méjèèjì gbọ́n ju gbogbo wa lọ.

Nígbà tó bímọ, ó gbé e wá. Ó nà án sí mi, ó ní, “Ẹ bá mi gbé e wọ ilé ìdáná. Ooru mú níbí.” Ta ló ń gbé ọmọ wọ ilé ìdáná nítorí ooru? Mo ń wò ó. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Kò mọ̀ wọ́n rí,” ó ní. “Kò lè dá wọn mọ̀.”

Mo gbé ọmọ náà lé Màdáámù lọ́wọ́. Ó sunkún díẹ̀, ó dákẹ́, ó sì di ìka wọn mú. Mo fọwọ́ kan ọwọ́ wọn nígbà tí mo fẹ́ gbà á padà, ọwọ́ náà gbóná. Èmi ni mo bú sẹ́kún lọ́jọ́ náà. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọmọ náà á lo ìdajì ọ̀sán lẹ́yìn Màdáámù, wọ́n á pọ̀n ọ́n, wọ́n á máa yan wàrà, wọ́n á sì máa sọ fún un èyí tó bá wáìnì lọ àti èyí tí kò bá a lọ, bí ẹni pé ó máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ọmọ kì í wà láìmọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe omi ní omi. Ní ọjọ́ kan, ó jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ó yíjú, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó sì ní, “Màmá.” Ìyá rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìwẹ̀yìn. Mo wo Màdáámù. Wọ́n ti gbọ́.

“Ó ti ń dá mi mọ̀,” wọ́n ní.

Nígbà tí mo padà wá síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọn ò sí níbẹ̀. Àpótí wọn ò sí. Baálẹ̀ ò rí wọn, àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta ò gbé ẹni tó jọ wọ́n. Ilé ìdáná mọ́ tónítóní, iná wà nínú sítóòfù, ẹja ọjọ́ Àìkú náà sì wà nínú apẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti pọ́n sínú ewé, tí wọ́n ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sínú lápá òsì. Mo fẹ́ kígbe, àwọn oníbàárà ti ń wọlé. Mo gbé ẹja kaná.

Ọmọbìnrin náà dé, ó yí àga rẹ̀ padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fẹ́ sọ fún un pé kò sẹ́ni nínú ilé ìdáná mọ́, ṣùgbọ́n mo padà wọlé, mo sì lọ dúró síbi tí Màdáámù máa ń dúró sí, nítorí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa bọ́ sílẹ̀ lásán.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Èmi ni wọ́n ń pè ní Màdáámù níbẹ̀. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ẹja náà tí kì í tú, mi ò lè sọ ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin ará Kútọnù ṣì ń kó wáìnì wá, aṣọ ìnuwọ́ ni mo ṣì fi ń di igò mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé aṣọ náà ò gbà mí lọ́wọ́ ohunkóhun. Ọmọ tí Màdáámù pọ̀n ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì ti gbàgbé. Ìyá rẹ̀ ṣì ń wá. Ó ń ròyìn, èmi ń gbọ́, kò sì bi mí ní ohunkóhun rí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá yìí, ó ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó dánu dúró láàárín ọ̀rọ̀, ó ní, “Mọ́mì, ṣé ara yín le?” Ó sì dákẹ́, ó ń retí. Mo dúró lẹ́yìn ògiri, ọwọ́ mi méjèèjì kún fún wàrà. Mi ò dá a lóhùn. Mi ò kan ògiri. Mo kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọbìnrin náà máa sọ̀rọ̀ lọ. Mo wá gbọ́ tí ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ṣeun, mà,” mo sì gbọ́ tí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Ilé ìdáná tutù lójijì lẹ́yìn mi. Gbogbo ara mi ló fẹ́ yíjú padà, àárò Màdáámù sì ń sọ mí. Mi ò wẹ̀yìn. Èmi náà ti di ẹni tó mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Mo nu ọwọ́ mi, mo gbé àwo kejì, mo sì gbé e jáde fún ọmọ wọn.